Bíà kẹ́ẹ̀gì nílé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìfóòfó àti gáàsì

Látìgbà tí mo ti gbé fíríìjì bíà sí gáráàjì mi ní Houston, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi mí ṣáá, torí náà mo kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. PSI (ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀, ìyẹn bí gáàsì ṣe le tó) àti Fahrenheit ni mò ń lò torí òun ló wà lára irinṣẹ́ ibí, mo fi Celsius sí i níbi tó bá yẹ fún àwọn tó wà ní London àti nílé.

Kí làwọn nǹkan tó wà nínú ẹ̀rọ yìí, iṣẹ́ wo ni ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe?

Kẹ́ẹ̀gì tá à ń sọ yìí kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì epo o, agolo irin ńlá ni, bíà ló wà nínú ẹ̀. Sílíńdà gáàsì CO2 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, régúlétọ̀ wà lórí sílíńdà láti fi pinnu bí gáàsì ṣe máa le tó, ọ́ọ̀sì kan gbé gáàsì wọ kẹ́ẹ̀gì, ọ́ọ̀sì kejì gbé bíà jáde lọ sí táàpù. Gáàsì á tẹ bíà mọ́lẹ̀ látòkè, bíà á wá gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó dé ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì jáde.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ni gáàsì yẹn ń ṣe. Ó ń ti bíà jáde, òun náà ló tún ń wọ inú bíà tó ń jẹ́ kó máa ta lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá yí régúlétọ̀ torí iṣẹ́ kan, ẹ ti yí ìkejì náà nìyẹn, bẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀.

Kẹ́ẹ̀gì wo ló dáa fún ilé?

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń pọn bíà, Corny ni kẹ́ ẹ rà, gálọ́ọ̀nù 5 ló ń gbà, ìyẹn bíi lítà 19. Mínírà ni wọ́n ṣe é fún tẹ́lẹ̀, nígbà yẹn Pepsi máa ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní ball lock, Coca-Cola máa ń lo pin lock, orí wọn ò bára mu, torí náà ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó ra orí ọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ bíà ilé iṣẹ́ lẹ fẹ́, èyí tó tóbi jù ń gba gálọ́ọ̀nù 15.5, ti Amẹ́ríkà sábà máa ń lo coupler D (coupler ni orí tí wọ́n fi ń so ọ́ọ̀sì mọ́ kẹ́ẹ̀gì), ọ̀pọ̀ ti Yúróòpù ń lo S.

Ìfóòfó báwo ló yẹ kó wà lórí bíà?

Bí íǹṣì kan, ìka ọwọ́ méjì tẹ́ ẹ bá tò wọ́n lé ara wọn. Ìfóòfó kì í ṣe àléébù, òun ló ń gbé òórùn bíà wá sí imú yín. Ẹni tó ní òun ò fẹ́ rárá, tó ń bù ú kún dé ẹnu kọ́ọ̀bù, ikùn ẹ̀ ni gáàsì yẹn máa lọ dúró sí.

Bíà mi kàn ń hó ṣáá ni, ìdajì kọ́ọ̀bù ló máa ń jẹ́ ìfóòfó. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ẹ yẹ bó ṣe tutù tó wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan régúlétọ̀. Nínú gbogbo èèyàn tó ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ, bíà wọn ò tutù tó ni, àmọ́ kí wọ́n tó pè mí wọ́n ti yí régúlétọ̀ síwá sẹ́yìn tí wọn ò rántí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

38°F ni kẹ́ ẹ máa wá, ìyẹn bíi 3°C. Ẹ má gba nọ́ńbà tó wà lára fíríìjì gbọ́, afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n, kì í ṣe bíà. Ẹ bu omi sínú kọ́ọ̀bù, ẹ gbé e tira kẹ́ẹ̀gì nínú fíríìjì, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́ kẹ́ ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Fíríìjì tèmi ń sọ fún mi pé 38 lòun wà, omi inú kọ́ọ̀bù sọ pé 46. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń da ìfóòfó nù sínú síńkì kí n tó mọ̀.

Ẹ rántí bí mínírà tó ti wà nínú oòrùn ṣe máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá ṣí i. Gáàsì ò fẹ́ dúró nínú nǹkan tó gbóná, tó bá ti ríhò báyìí á jáde pẹ̀lú ariwo. Bíà náà nìyẹn. Bíà tó bá ní gáàsì tó dáa lára, tó wá gbóná dé 46°F, á fẹ́ tó 15 PSI kí gáàsì tó gbà láti jókòó sínú ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ 10 tàbí 12 lẹ fi sí i.

Mo ti dín prẹ́ṣọ̀ kù sí 5 PSI kó má hó mọ́, ó tún wá burú sí i. Kí ló fà á?

Ìdínkù yẹn gan-an ló fà á. Ó jọ pé ó bọ́gbọ́n mu lóòótọ́, ó ń hó jù, ẹ jẹ́ ká dín agbára ẹ̀ kù, àmọ́ prẹ́ṣọ̀ ló ń di gáàsì mú nínú bíà. Tẹ́ ẹ bá dín in kù, gáàsì tó ti wà nínú bíà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, inú ọ́ọ̀sì láti kẹ́ẹ̀gì dé táàpù lá sì ti jáde. Ẹ wo ọ́ọ̀sì yín tó bá jẹ́ èyí tójú ń rí inú ẹ̀, ẹ máa rí afẹ́fẹ́ gbọọrọ gbọọrọ láàárín bíà, bí ìgbà tómi ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ń kọ́ kọ̀ọ́ kọ̀ọ́. Nígbà tó bá fi dé kọ́ọ̀bù, ìfóòfó á pọ̀, bíà tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò sì ní ta lẹ́nu. Ẹ pàdánù lọ́nà méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ nìyí. Wọ́n máa ń sọ pé bíà ní gáàsì 2.5, ohun tó túmọ̀ sí ni pé tẹ́ ẹ bá tú gbogbo gáàsì tó wà nínú lítà bíà kan sílẹ̀, á kún àpò lítà méjì àbọ̀. Ọ̀pọ̀ lager àti ale (oríṣi bíà ni méjèèjì) wà láàárín 2.4 sí 2.7. Ní 38°F, 12 PSI á fún yín ní bíi 2.5 sí 2.6, òun ni mo fi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n fi sí 12 kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Prẹ́ṣọ̀ yẹn kan náà ní 46°F, bíi 2.2 ló máa fún yín. Ẹ fi sí 12, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ wá lọ wá ìṣòro níbòmíràn.

Kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń hó, àwọn yòókù dáa. Kí ló dé?

Ọ̀pá tí táàpù wà lórí ẹ̀ ló gbóná. Bíà inú fíríìjì tutù, àmọ́ ìwọ̀nba tó dúró sínú ọ̀pá lókè ti ń yá bọ̀ látàárọ̀. Nínú gáráàjì ní Houston ní oṣù kẹjọ ẹ lè fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn kẹ́ ẹ rò pé ìkòkò ni. Fáànù kékeré bíi ti inú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fi páìpù kan gbé afẹ́fẹ́ tútù látinú fíríìjì gòkè sínú ọ̀pá, ó parí. Ẹni tí ò bá fẹ́ ra nǹkan kan, kó máa bu ìdá mẹ́rin kọ́ọ̀bù dànù kó tó bu ti àlejò.

Ṣé ọ̀nà kan wà tó yẹ kéèyàn máa gbà bù ú?

Ó wà, ó sì ṣe pàtàkì ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ ṣí táàpù pátá, lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ẹ̀gbọ́n tó bá wá sílé mi ló máa ń rọra ṣí i díẹ̀ díẹ̀ bíi pé omi ẹ̀rọ ni, wọ́n rò pé àwọn ń ṣọ́ra, àmọ́ ihò kékeré yẹn ló ń fún bíà mọ́ra tó fi ń fọ́ di ìfóòfó. Ẹ dá kọ́ọ̀bù dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí bíà máa bá ara kọ́ọ̀bù sọ̀ kalẹ̀, tó bá ti kọjá ìdajì kẹ́ ẹ gbé e nàró. Ẹ má ki ẹnu táàpù bọnú bíà, kò mọ́ tótó, ó sì ń dá ìfóòfó sílẹ̀.

Ṣé gígùn ọ́ọ̀sì ṣe pàtàkì?

Gan-an ni. Bíà ń jáde látinú kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú 12 PSI, ọ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ló máa fà á sẹ́yìn kó tó dé táàpù kó lè rọra sọ̀. Ọ́ọ̀sì tínú ẹ̀ fẹ̀ tó 3/16 íǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà 10 ni kẹ́ ẹ lò. Ọ̀pọ̀ fíríìjì bíà tí wọ́n ń tà ni wọ́n fi bíi ẹsẹ̀ bàtà 5 sí, mo gbà pé torí kó lè wọ páálí ni, ẹni tó rà á á wá máa rò pé fíríìjì ló bà jẹ́. Ọ́ọ̀sì tuntun ò wọ́n, ẹ ká a roboto lé orí kẹ́ẹ̀gì nínú fíríìjì, ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́ níbì kankan.

Tí táàpù bá ga ju kẹ́ẹ̀gì lọ, bíi ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì sísàlẹ̀ ilé tó wá ń bù ú lókè, gíga náà ń dá bíà dúró, ìdajì PSI fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ẹ lè gé ọ́ọ̀sì kúrú díẹ̀. Ẹ máa gé e díẹ̀ díẹ̀ o, èyí tẹ́ ẹ gé sọnù ò ṣeé lẹ̀ padà.

Mo ra kẹ́ẹ̀gì lónìí, ṣé mo lè ṣí i lálẹ́?

Ẹ dúró wákàtí 24. Ó ti gbóná nínú mọ́tò, ó sì ti mì jìgìjìgì lójú ọ̀nà. Ọjọ́ Sátidé ni páátì, Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ rà á.

Bíà tí mo pọn fúnra mi, báwo ni mo ṣe máa fi gáàsì sí i?

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì ní 38°F, kẹ́ ẹ fi sí 12 PSI, kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kò lè le jù, kò lè rọ̀ jù, torí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ló máa lọ dúró sí. Ẹni tó bá ń kánjú lè kọ́kọ́ jẹ́ kó tutù dáadáa, kó fi sí 30 PSI fún bíi ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀, kó wá pa gáàsì, kó fa fáàfù orí kẹ́ẹ̀gì kí èyí tó le jáde, kó dá a padà sí 12. Àwọn kan máa ń mi kẹ́ẹ̀gì kó lè yá. Èmi ò kì í ṣe é, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti tó, ìgbà tó bá ti kọjá ẹ̀ lẹ máa mọ̀.

Ó ti kọjá ẹ̀ báyìí, gáàsì ti pọ̀ jù. Ṣé bíà yẹn ti bà jẹ́ nìyẹn?

Rárá. Ẹ yọ ọ́ọ̀sì gáàsì kúrò lórí kẹ́ẹ̀gì, ẹ fa fáàfù kí gáàsì jáde, ẹ tì í, ẹ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe fún wákàtí bíi mélòó kan, ẹ padà wá fà á. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì á wálẹ̀, kẹ́ ẹ wá so ọ́ọ̀sì padà. Tí ìfóòfó bá ń bá gáàsì jáde lẹ́nu fáàfù, ẹ dúró, ẹ ti kánjú jù.

Àwọn tó ti bá ẹlẹ́mu lò nílé mọ ìdí tí wọn ò fi ń dí ẹnu kèrègbè ẹmu pa, gáàsì gbọ́dọ̀ ríhò jáde. Kẹ́ẹ̀gì ò ní bẹ́ bíi kèrègbè, irin ni, ó sì ní fáàfù, àmọ́ nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀.

Nínú kọ́ọ̀bù kan ìfóòfó máa ń dúró, nínú òmíràn kíá ló ń lọ. Bíà kan náà kọ́ ni?

Bíà kan náà ni, kọ́ọ̀bù ló yàtọ̀. Òróró ni ọ̀tá ìfóòfó. Kọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ fọ̀ pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn tẹ́ ẹ fi fọ àwo ọbẹ̀ ti gba òróró. Ẹ lo kàn-ìn-kàn-ìn tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ ṣàn án dáadáa kó má ku ọṣẹ, ẹ dojú ẹ̀ dé kó gbẹ fúnra ẹ̀, ẹ má fi aṣọ nù ún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bó mọ́, ẹ rì í sómi kẹ́ ẹ gbé e sókè: tómi bá tẹ́ pẹrẹsẹ lára ẹ̀ ó mọ́, tó bá ń dá kán-ún kán-ún sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ òróró wà níbẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ wínníwínní bá sì ń lẹ̀ mọ́ ara kọ́ọ̀bù láti inú, ìdọ̀tí ló ń dúró lé.

Níbi páátì tiwa, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu pẹpẹ súùpù ẹran ewúrẹ́ tán, ètè ẹ̀ nìkan tó láti pa ìfóòfó kọ́ọ̀bù kan. Ìyẹn ò ní oògùn, ẹ jẹ́ kó jẹun ẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n máa fọ ọ́ọ̀sì?

Gbogbo ọjọ́ 14. Ìyẹn ni ìlànà àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ilé ọtí, mi ò rí ìdí tí tilé fi máa yàtọ̀. Ìwúkàrà àti kòkòrò tójú ò rí ń kọ́lé sínú ọ́ọ̀sì, bíà á bẹ̀rẹ̀ sí í kan tàbí kó máa rùn bíi bọ́tà, ìdọ̀tí tó sì lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ á máa fọ́ bíà di ìfóòfó. Ẹ lo kẹ́míkà tí wọ́n ṣe fún ọ́ọ̀sì bíà, irú bíi BLC, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dáàbò bo ojú yín, kẹ́ ẹ wá fi omi ṣàn án títí kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta kẹ́ ẹ lo èyí tó jẹ́ ásíìdì, òun ló ń bó òkúta bíà, ìyẹn ìdọ̀tí líle tí bíà ń fi sílẹ̀, tí kẹ́míkà àkọ́kọ́ ò lè bó. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ láé. Ẹ tú táàpù náà palẹ̀ kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní á jẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́.

Géèjì ní sílíńdà ṣì kún, lọ́jọ́ kejì gáàsì ti tán. Ṣé géèjì ló bà jẹ́?

Géèjì ò bà jẹ́. Inú sílíńdà, omi ni CO2 jẹ́, gáàsì díẹ̀ ló wà lórí omi yẹn, òun sì ni géèjì ń wọ̀n. Níwọ̀n ìgbà tómi bá ṣì kù, géèjì á dúró síbì kan, bíi 800 PSI nínú yàrá, bíi 550 nínú fíríìjì, lọ́jọ́ tómi bá tán ni á já wálẹ̀ lójijì. Ẹ gbé sílíńdà lé ìwọ̀n. Wọ́n tẹ TW sára ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀ lófìfo, ẹ yọ ọ́ kúrò, ohun tó kù ni gáàsì.

Tó bá ń tán kíákíá, ó ń jò. Ẹ po ọṣẹ ìfọwo mómi, ẹ fi sínú ìgò tó ń fín, ẹ fín in sí gbogbo oríkèé àti ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Ibi tó bá ń hó ni. Lọ́pọ̀ ìgbà O-ring (rọ́bà roboto tó ń dí oríkèé) kan tó ti gbẹ ni, owó táṣẹ́rẹ́.

Ṣé gáàsì yìí lè ṣe èèyàn ní jàǹbá?

Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. CO2 kì í jó bíi gáàsì ìdáná, kò sì lóòórùn, àmọ́ ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, á lọ kó ara ẹ̀ jọ sílẹ̀ nínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ wà ní títì, níbi tọ́mọdé ti ń ṣeré. Tẹ́ ẹ bá wọ ibi tí sílíńdà wà tórí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tẹ́ ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ jáde kíá, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ má padà wọlé lọ pa á. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ké tí CO2 bá pọ̀.

Sílíńdà gbọ́dọ̀ wà ní ìnàró, kẹ́ ẹ so ó mọ́ nǹkan. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 5 sí 5 ni wọ́n ń yẹ ọ̀pọ̀ sílíńdà wò, ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn wà lọ́rùn ẹ̀.

Nílé, tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Ṣé kí n yọ gáàsì ni?

Ẹ má yọ nǹkan kan, ẹ má sì bù ú. Kẹ́ẹ̀gì tó wà ní dídé ò lè pàdánù gáàsì torí pé ó gbóná, gáàsì á kàn jáde sórí bíà, tó bá tutù padà á wọlé padà. Ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ lè ṣẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣí táàpù nígbà tó ṣì gbóná, ìfóòfó lẹ máa mu. Ẹ má máa ṣílẹ̀kùn fíríìjì, lítà 19 bíà tútù kì í tètè yá. Tíná bá dé, ẹ má fi iná tó dé ṣe òdiwọ̀n, ẹ dúró kí omi inú kọ́ọ̀bù yẹn padà dé 3°C. Ooru léraléra máa ń ba adùn bíà jẹ́ o, torí náà tí iná yín bá burú gan-an, kẹ́ẹ̀gì kékeré ni kẹ́ ẹ lò kó tètè tán.

Kẹ́ ẹ tó rọ gáàsì sínú sílíńdà, ẹ bi àwọn tó ń tà á bóyá gáàsì tó ṣeé fi sóúnjẹ ni.

Mo fẹ́ Guinness láti táàpù, àmọ́ ó ń hó bí ọṣẹ.

Guinness inú kẹ́ẹ̀gì yàtọ̀ sí ti inú ìgò tá a mọ̀ nílé. Foreign Extra tí wọ́n ń pọn ní Nàìjíríà, 7.5%, CO2 ló wà nínú ẹ̀. Ti kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gbé jáde ní 1959, gáàsì mìíràn tó ń jẹ́ nitrogen ló ń jẹ́ kó ní ìfóòfó funfun tó dì bíi mílíìkì yẹn, CO2 inú ẹ̀ kéré, bíi ìdajì ti lager. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ CO2 nìkan ní 12 PSI, ọjọ́ mélòó kan gáàsì á pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Gáàsì àdàpọ̀ lẹ máa rà, nitrogen 75, CO2 25, pẹ̀lú régúlétọ̀ tiẹ̀, kẹ́ ẹ fi sí bíi 30 sí 35 PSI, coupler U, àti táàpù stout tó ní awo kékeré onihò wínníwínní nínú. Owó ẹ̀ ò kéré. Tí kì í bá ṣe pé ẹ ń mu ún lójoojúmọ́, ẹ ra ti agolo tó ní bọ́ọ̀lù nínú.

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀: ó tutù, 12 PSI, ọ́ọ̀sì gùn, ó mọ́, kọ́ọ̀bù mọ́. Ó ṣì ń hó.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ́ọ̀sì bíà, kí ẹlòmíràn máa bù ú, kẹ́ ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ àárín ọ́ọ̀sì tàbí òkè, ooru ni tàbí ibi tó ṣẹ́. Tó bá jẹ́ ẹnu táàpù, ẹ tú táàpù. Tó bá jẹ́ láti orí kẹ́ẹ̀gì gan-an ló ti ń jáde ní funfun, kẹ́ẹ̀gì ni kẹ́ ẹ dojú kọ.

Ẹ pa gáàsì, ẹ fa fáàfù kí prẹ́ṣọ̀ jáde pátá (ẹ má fo ibí yìí, irin yẹn lè fò lu èèyàn lójú), kẹ́ ẹ wá tú orí tí bíà ń gbà jáde. Ẹ wo inú ẹ̀ bóyá hops (òdòdó tí wọ́n fi ń pọn bíà) ti há síbẹ̀, ó máa ń fún bíà bí ìgbà téèyàn fi àtàǹpàkò dí ẹnu ọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ẹ fa páìpù gígùn náà jáde, O-ring kékeré kan wà lọ́rùn ẹ̀. Tèmi tí mo fà jáde nígbà yẹn ti ya níbì kan bayìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ojú lásán ò rí i, ìgbà tí mo fà á láàárín ìka méjì ló là. Ojú ibẹ̀ ni gáàsì orí bíà ń gbà wọnú páìpù tó ń bá bíà jáde. Mo fi tuntun sí i, mo fi gíríìsì tó ṣeé jẹ pa á lára, kọ́ọ̀bù kejì tí mo bù ní íǹṣì kan ìfóòfó.